Òórùn Inú Ìwé Àtijọ́: Ohun Tó Ń Sọ fún Wa àti Bí A Ṣe Lè Lé E Lọ

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ òórùn ni. A ò sọ ti ẹja, a ò sì sọ ti gọ́tà. Òórùn tó máa ń ti inú ìwé jáde ni, nígbà tí a bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́, tí a fa lẹ́jà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn yọ, tó wá ń rùn bí aṣọ tí a fọ̀ tí kò gbẹ tí a sì ká sínú àpótí. Ẹni tó bá ti ṣí àpótí ìwé lóṣù Keje rí á ti mọ èyí tí à ń wí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti gbọ́ òórùn náà, a ó kàn yínmú, a ó ní, “Ìwé àtijọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rùn.” Àwọn kan á fọ́n lọ́fínńdà sí i. Àwọn mìíràn á ju káńfọ̀ sínú àpótí, wọ́n á sì pa á dé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òórùn yẹn ń sọ fún wa pé omi wà níbi tí kò yẹ kó wà, àti pé nǹkan kan ti ń jẹ ìwé náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá wá jẹ́ lẹ́jà ẹgbẹ́ ni nǹkan náà ń jẹ, owó wa ló ń jẹ yẹn.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÌWÉ ẸGBẸ́

Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní 1935 ni wọ́n ti là á sílẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ máa tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì máa yẹ ìwé náà wò lọ́dọọdún. Òfin kò fi èyí ni wá lára lásán. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ inú ìwé ẹgbẹ́, bí àwọn tó tọ́ bá ti fọwọ́ sí i bí òfin ṣe wí, ẹ̀rí ni níwájú adájọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yé ara wa. Ká ní bàbá kan dá owó sí ẹgbẹ́ fún ogún ọdún, ó sì papò dà. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wá béèrè ohun tó jẹ́ tiwọn. Ìwé ìfowópamọ́ tó wà lọ́wọ́ bàbá ti bàjẹ́ nígbà tí òrùlé jò. Kí ló kù? Lẹ́jà ẹgbẹ́ ni. Wọ́n gbé lẹ́jà jáde, ojú ewé mẹ́wàá ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé ẹ̀kọ ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n, àbàwọ́n dúdú sì ti bo orúkọ. Akápò ìgbà náà ti lọ síbi àgbà ń rè. Ta ló fẹ́ dáhùn? Ṣé opó ni yóò jẹ gbèsè òjò ni, àbí ẹgbẹ́ ni yóò san owó tí kò rí àkọsílẹ̀ rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé wa. Ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀, rìsíìtì ìsanwó wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí iléèwé wà níbẹ̀, ìwé tí ọ̀gá fún wa lọ́jọ́ tí a gbòmìnira iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn, ẹ̀yìn Bíbélì tàbí Kùránì bàbá rẹ̀ ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ ilé sí. Ìwé wọ̀nyí kì í pariwo bí wọ́n bá ń ṣàìsàn. Òórùn ni igbe tí wọ́n mọ̀ ọ́n ké.

NÍBO NI ÒÓRÙN NÁÀ TI Ń WÁ?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó àti ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé jù. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kòkó tí kò gbẹ dé ojú ìwọ̀n á bu. Omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 lọ kí a tó dì í sápò. Ẹ sì mọ ohun tí ayẹkòkówò máa ń ṣe: á la hóró náà, á wò ó. Nínú 100 hóró, bí èyí tó bu bá ti lé ní 3, kòkó náà kò lè jẹ́ ipò kìíní mọ́. Èlùbọ́ náà ńkọ́? Ẹ kó o pamọ́ láìgbẹ, lọ́sẹ̀ kejì, nǹkan aláwọ̀ ewé àti dúdú á ti hù lára rẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé. Igi àti èèhù ni wọ́n fi ń ṣe pépà. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ àti sítáàṣì tí wọ́n fi mú páálí rẹ̀ le, oúnjẹ ni fún nǹkan tó ń bu. Èso nǹkan náà kéré ju ìyẹ̀fun lọ, inú afẹ́fẹ́ ló wà níbi gbogbo, kò sí ilé tí kò sí. Omi nìkan ló ń dúró dè. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ń wà ní ìdá 65 sí 70 nínú 100, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí yàrá sì móoru tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ síbẹ̀, á hù. Lásìkò òjò nílẹ̀ wa, bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn lójoojúmọ́. Bí ìwé bá sì rin gbingbin, kò tó ọjọ́ mẹ́ta, ó lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Bí nǹkan yìí ṣe ń jẹun ló ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ni imú wa ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí lọ́fínńdà kò fi lè wò ó. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí ọ̀rinrin ò bá tán nínú ìwé, òórùn ò ní í tán.

Òórùn kejì wà o, ẹ má jẹ́ ká pa méjèèjì pọ̀. Pépà olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn, máa ń pọ́n bó bá ti ń dàgbà, á sì máa yọ òórùn kan tó fẹ́ẹ́ dùn, tó fẹ́ẹ́ kan. Èyí kò bu. Ọjọ́ ogbó ló dé sí i. A lè dín òórùn yẹn kù, ṣùgbọ́n a ò lè mú un kúrò tán, kò sì lè ran ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí èyí tó bu ṣe ń ràn án.

ÀWỌN OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Kí a tó sọ oògùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èèwọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ló jẹ́ pé ìtọ́jú ló pa á.

Èkíní, ẹ má fi lọ́fínńdà, ìsàálì, omi bílíìṣì tàbí kẹrosíìnì kan ìwé. Bílíìṣì á jẹ yíǹkì, á sì jẹ pépà. Kẹrosíìnì á fi òórùn tirẹ̀ rọ́pò, á tún sọ ìwé di ohun tí iná lè ràn wàràwàrà.

Èkejì, ọ̀rọ̀ káńfọ̀, ìyẹn àwọn rogodo funfun tí à ń jù sáàárín aṣọ. Ó lè lé kòkòrò díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mú òórùn kúrò, ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí káńfọ̀ bá yọ́ tán, òórùn á padà. Èyí tó burú jù ni pé ó léwu fún ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa, wọn ò kéré níye, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba káńfọ̀ rárá. Bí wọ́n bá fa òórùn rẹ̀ símú láti ara aṣọ tàbí nínú yàrá, ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa bàjẹ́, kí ojú wọn sì pọ́n rakọrakọ, kó di ibà pọ́njú tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin ìyá ìkókó, ẹ gbọ́ o. Ìwé kankan kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìwé kì í ṣe èlùbọ́. Ẹ má sá a sórí páànù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ń pa nǹkan tó ń bu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa yíǹkì pẹ̀lú, ó ń mú pépà pọ́n, ó ń mú un gan, páálí rẹ̀ á sì tẹ̀. Fọ́tò tó bá wà nínú rẹ̀ á ṣí. Ibòòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló dára jù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi ìwé tó ṣì ní ọ̀rinrin sínú nylon kí ẹ so ó pa, ẹ má sì tì í mọ́ inú àpótí páànù. Ẹ ti há omi mọ́ inú ilé pẹ̀lú olè nìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ ìwé tó rin, ẹ má sì fi ipá ya ojú ewé tó lẹ̀ mọ́ra nígbà tó ṣì tutù. Ẹ ó ya ọ̀rọ̀ kúrò lójú ìwé ni.

BÍ A ṢE Ń LÉ ÒÓRÙN NÁÀ LỌ

Iṣẹ́ yìí kò gba owó, sùúrù ló gbà. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ, á yọrí sí rere.

Ẹ kọ́kọ́ ya ìwé tó ń rùn sọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kó bá àwọn tó ṣì dára sùn pọ̀, nítorí ọ̀kan tó bu nínú kọ́bọ́ọ̀dù lè kó bá ogún. Ẹ fi ìbomú bo imú àti ẹnu, kí ẹ gbé iṣẹ́ náà síta. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, aláboyún, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì le, kí wọ́n jìnnà síbẹ̀, torí eruku ìwé tó bu kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé tó bá ṣe pàtàkì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án jù. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní í sọnù.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni pé kí ìwé náà gbẹ. Ẹ gbé e dúró lórí tábìlì bí ẹni gbé àwòrán dúró, kí ẹ́nu rẹ̀ là, kí àwọn ojú ewé rẹ̀ ya díẹ̀díẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Inú yàrá tí fèrèsé méjì ti dojú kọ ara wọn dára, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dára. Bí fáànù bá wà, kó máa fẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kó má fẹ́ sí i lójú gangan. Lójoojúmọ́, ẹ yí i padà, ẹ ṣí ibòmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta dára, ọ̀sẹ̀ kan dára jù. Ní àsìkò òjò, kí ẹ kó o wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ mú òwú díẹ̀, ẹ fi kan ibi tó hù funfun tàbí dúdú náà. Bó bá yọ̀, tó fà bí ọ̀rá, ó ṣì ń jẹun lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ sí i. Bó bá ń ṣí bí ìyẹ̀fun, ó ti sùn. A ní ó sùn, a ò ní ó kú. Bí omi bá tún kàn án lọ́la, á jí.

Nígbà tó bá ti sùn ni kí ẹ tó gbá a. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, àmọ́ tuntun tí kò tíì kan ọ̀dà rí. Ẹ máa gbá a láti àárín ìwé síta, ẹ̀yìn yín ni kí atẹ́gùn ti máa fẹ́ wá, kí eruku lè máa lọ síwájú. Ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ nu ẹ̀yìn ìwé. Ẹ má fi omi kàn án o. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fọ aṣọ náà, ẹ fọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ.

Ó wá ku òórùn tó ṣẹ́ kù. Ohun tí yóò fà á jáde wà nínú ilé ìdáná wa: èédú. Ẹ yan èédú tó mọ́, tí epo tàbí kẹrosíìnì kò kàn rí. Ẹ sá a kó gbẹ kangbe. Bó bá jẹ́ orí ààrò ni ẹ ti yan án gbẹ, ẹ rí i dájú pé ó ti tutù pátápátá, kí ó má lọ dáná sílé. Ẹ kó o sínú abọ́. Ẹ wá kúlà ńlá tó mọ́, tàbí ike olómorí. Ẹ gbé abọ́ èédú sísàlẹ̀, ẹ fi pákó tàbí àsẹ́ dábùú lókè rẹ̀, ẹ gbé ìwé dúró sórí pákó náà, kí ẹ pa á dé. Ìwé àti èédú kò gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn. Èédú tí wọ́n ṣe fún sísẹ́ omi lágbára ju ti ìdáná lọ bí ẹ bá rí i rà.

Ẹni tí kò fẹ́ èédú lè lo báákìn sódà, ìyẹn sódà funfun tí àwọn oníkéèkì ń lò. Abọ́ lẹ ó da òun náà sí. Ẹ má bù ú wọ́n sáàárín ojú ewé, torí kò ní í gbọ̀n kúrò tán, ohun tó bá kù níbẹ̀ lè ṣe ìwé léṣe lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má sì fi káún rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá kù, ẹ pààrọ̀ èédú tàbí sódà, kí ẹ tún un ṣe. Ìwé mìíràn á gba ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn á gbà tó oṣù kan. Ìwé àtọdúnmọ́dún kò lè gbàgbé ọ̀rinrin ọdún mẹ́wàá láàárín òru kan. Ẹ sì mọ̀ pé àbàwọ́n tó bá ti wà níbẹ̀ á ṣì wà. Òórùn là ń lé, ojú ìwé kò ní í padà di tuntun.

BÍ ÌWÉ BÁ RIN GBINGBIN

Gbogbo èyí tí a ti sọ, ti ìwé tó gba ọ̀rinrin díẹ̀díẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé omi wọlé ńkọ́? Àwọn ará Ìbàdàn kò ní í gbàgbé 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, lọ́jọ́ tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú, tó kó ilé, tó kó ọjà, tó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nínú ìlú kan náà ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Bí ẹkún òkú bá ti rọlẹ̀, ọ̀ràn ìwé á ṣẹ́ yọ: ta ló jẹ ta, ilẹ̀ ta nìyí, èló ni mo ní?

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1966, odò Arno ya wọ ìlú Florence ní Ítálì, ó sì wọ ilé ìkówèésí ìjọba tó wà níbẹ̀. Ìwé bíi mílíọ̀nù kan ló fara gbá omi àti ẹrẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń gba ìwé lọ́wọ́ ara wọn jáde kúrò nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ń fi pépà tó ń fa omi sáàárín ojú ewé. Kódà, ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbẹ ewé tábà ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lọ kó lè gbẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ọwọ́ púpọ̀ àti ìyára ló ń gba ìwé là.

Nítorí náà, bí ìwé bá rin, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbé e dìde pẹ̀lú pákó lábẹ́ rẹ̀, torí ìwé tó rin wúwo, ó sì rọrùn láti ya. Ẹ jẹ́ kí omi ro kúrò. Ẹ fi pépà funfun tí kò ní ìtẹ̀wé tàbí tíṣù sáàárín ojú ewé mélòó kan-mélòó kan, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti rin. Ìwé tí ojú rẹ̀ ń dán gba ìkíyèsí jù: bó bá gbẹ ní lílẹ̀ mọ́ra, kò ní í ṣí mọ́ láéláé.

Bí ìwé bá pọ̀ ju ọwọ́ lọ, ẹ̀yin ẹlẹ́ja tútù lè ràn wá lọ́wọ́. Firísà ń dá bíbu dúró. Ẹ fi nylon mímọ́ dì ìwé tó rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kó o sínú firísà tí kò sí ẹja, kó dì bíi yìnyín. Ibẹ̀ ni kó wà títí ọwọ́ á fi tó o, kí ẹ wá máa mú un jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti gbẹ ẹ́. Àmọ́ bí iná yín kì í bá dúró, ẹ má dán an wò. Ìwé tó ń dì tó tún ń yọ́ á burú ju èyí tí a fi sílẹ̀ lọ.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TA ÌWÉ ÀLÒKÙ

Ọ̀rọ̀ yìí kan owó yín tààrà. Kí ẹ tó ra ìwé olópòó, ẹ má wo ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Ẹ ṣí i láàárín, níbi tí wọ́n ti rán an, torí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gbé ojú ewé síbi ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ohun tó hù bí òwú á hàn. Bí ẹ bá rà á tán, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ọjà tó wà nílẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí a ti wí.

Ẹ má sì fi lọ́fínńdà tan oníbàárà. Ọmọ iléèwé tó bá ra ìwé lọ́wọ́ yín, tí ìwé náà wá mú un sín títí lálẹ́, ìyá rẹ̀ kò ní í padà wá. Ìwé tó gbẹ, tó mọ́, tí kò rùn, òun ló ń polówó ara rẹ̀.

IBI TÍ ÌWÉ YẸ KÓ SÙN

Bí a bá lé òórùn lọ tán, tí a dá ìwé padà síbi tó ti kó àrùn, a kàn ń fi ọwọ́ kan gbọ́n omi, a ń fi èkejì dà á sínú ọkọ̀ ni. Ẹ má gbé ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì ń fa omi láti inú ilẹ̀ wá. Ẹ gbé e sórí pákó tó ga tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Ẹ má tì í mọ́ ògiri ìta, kí àyè tó ọwọ́ kan wà láàárín wọn. Ẹ má tò ó fún pọ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ẹ wo òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ àpótí páànù nìkan lẹ ní, ìwé tó gbẹ nìkan ni kó wọ ibẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí páànù máa ń làágùn lóru. Àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun ń fa ọ̀rinrin, ẹ lè kó wọn síbẹ̀, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o.

Ọyẹ́ sì ni oògùn tó pọ̀ jù tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, afẹ́fẹ́ á gbẹ débi pé ètè ń là. Ìgbà yẹn ni kí a kó gbogbo ìwé jáde, kí a ṣí wọn, kí a gbọn eruku wọn, kí a sì kó wọn padà.

IṢẸ́ TÓ WÀ LỌ́RÙN ÌGBÌMỌ̀

Kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì tí yóò máa yẹ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé wò lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa jábọ̀ ní ìpàdé. Lẹ́jà tó bá ti ń bàjẹ́, kí akọ̀wé dà á kọ sínú tuntun níṣojú akápò àti ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ju ti àtijọ́ nù o! Kí ayẹ̀wéwò rí méjèèjì. Fọ́tò inú fóònù dára, ṣùgbọ́n kó wà ní ọ̀dọ̀ èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ, torí fóònù náà ń bọ́ sómi.

Ìwọ ọmọ ẹgbẹ́ náà, má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Lọ wo ìwé ìfowópamọ́ tìrẹ lónìí. Ṣí i, gbóòórùn rẹ̀, kí o sì fi iye tó wà nínú rẹ̀ wé ti lẹ́jà nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ṣeé kà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Òórùn yẹn ti jẹ́ kí a mọ̀ pé olè wà nínú oko. Ó kù sọ́wọ́ wa.

Ó dìgbà kan ná. Kí owó yín má ṣe bu o.